Bí Mo Ṣe Sọ Ènìyàn Méjì Di Ọ̀kan

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ará Ìdí-Ọ̀dán, kí ẹ sì fi ààyè sílẹ̀ fún àwọn tí ń ti oko bọ̀. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lọ́sàn-án yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi ìdúró gbọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti gbọ́ pé èmi Ọdẹ́rìnlọ ni mo bá iwin jìjàkadì títí iwin fi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun lọ mu omi. Òótọ́ ni. Àwọn mìíràn gbọ́ pé mo ti wọ ìlú tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ kí ó tún jáde. Òótọ́ ni ìyẹn náà, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni mo wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí kí ẹ lè yìn mí ni mo ṣe gbé ẹsẹ̀ tí ó ń dùn mí yìí wá sí ìlú yín. Ọ̀rọ̀ kan ni ó wà lọ́kàn mi, ó sì ti di ọdún kejìdínlógún tí mo ti ń gbé e kiri.

Láwuyì, ìwọ ọmọ tí o mú mi dé abẹ́ igi yìí, mo rí ọ tí ò ń rẹ́rìn-ín. Rín in dáadáa báyìí, nítorí pé ẹ̀rín kò pọ̀ níwájú.

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ jókòó síwájú yìí ni ẹ ó jẹ́rìí mi. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ ní orúkọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti mú un wọlé ni ó ti ń wá ohun tí yóò máa pe kálukú. Ọmọge tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ di Opéléńgẹ́, ọkùnrin tí ó mọ̀wé di Akọ̀wé, ọmọ ọdún mẹ́ta tí imú rẹ̀ ń ṣàn pàápàá di Ọkọ mi kékeré. Ìyá ọmọ ń fi oríkì pè é, bàbá rẹ̀ ń fi orúkọ àbísọ pè é, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún un ní ìnagijẹ, ọjọ́ tí òun náà bá sì bímọ, ó di ìyá lágbájá. Kí ènìyàn kan tó dàgbà, orúkọ márùn-ún tàbí mẹ́fà ti wà lọ́rùn rẹ̀. Àwa kì í sì í ṣìnà nínú rẹ̀ nílé, nítorí pé bí a bá ti gbọ́ ohùn ẹni tí ń pè, a ti mọ ẹni tí ó ń pè.

Ní ìlú mi, Òkè-Ìdẹ̀ra, ní ọjọ́ ọjà kan tí oòrùn wà ní àtàrí, ìjì kan jáde láti inú Igbó Ìpèjẹ́. Ó gbá ọjà kọjá, ó kó ènìyàn lọ, ó sì fi igbá àti agbọ̀n wọn sílẹ̀ níbi tí wọ́n gbé wọn kalẹ̀ sí. Èmi kò sí nílé. Mo ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ẹfọ̀n kan, nígbà tí mo sì ń bọ̀, mo gba ọ̀nà abà wa kọjá, mo kí ìyá tí ó tọ́ mi dàgbà. Ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó fún mi ní iṣu sísun, ó ní òun kò tíì ṣetán nílé oko. Mo tún fi ọjọ́ méjì wo àwọn pàkúté mi nínú igbó kí n tó wọ ìlú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ìyá yìí jẹ́. Àbúrò bàbá mi ni. Mo ṣì ń rákò nígbà tí ìyá tí ó bí mi kú, òun ni ó sì máa ń fi ọmú tí kò ní omi sí mi lẹ́nu kí n lè sùn. Kò bímọ nílé ọkọ. Wọ́n sọ̀rọ̀ sí i títí ó fi di ẹrù rẹ̀, ó padà sílé bàbá rẹ̀, ó di dálémọṣú, ó sì wà níbẹ̀ di ọjọ́ ogbó. Ìyá ni mo ń pè é. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Ìyá Ọdẹ́rìnlọ, nítorí pé kò sí ọmọ mìíràn tí wọ́n lè fi pè é.

Bí mo ti wọ ìlú báyìí ni ìránṣẹ́ ọba pàdé mi lẹ́nu odi, ó mú mi lọ sí ààfin láìjẹ́ kí n yà sílé. Wọ́n sọ fún mi lójú ọ̀nà pé Àwẹ̀ró àbúrò mi obìnrin, ọmọ bàbá mi, wà lára àwọn tí ìjì gbé. Mo bá Ọlọ́kè, ọba wa, lórí ìjókòó, Bánkọ́lé akọ̀wé ààfin sì di ìwé mú níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Ọba ní, "Bánkọ́lé, ènìyàn mélòó ni mo pàdánù?"

Akọ̀wé ní, "Kábíyèsí, orúkọ méjìléláàádọ́fà ló wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ènìyàn ò tó bẹ́ẹ̀."

"Orúkọ ni mo bi ọ́ ni?"

"Rárá o, Kábíyèsí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé báálé ka ẹnìkan fún mi, ìyá ẹni náà wá kà á, ìyàwó ilé náà tún wá kà á. Orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú ń pè. Ilé ọkọ ka obìnrin kan, ilé bàbá rẹ̀ náà kà á. Mo kọ gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́."

Ọba mi orí. Ó yíjú sí mi. "Ọdẹ́rìnlọ, àwọn àgbà sọ fún mi pé ìlú iwin kan tí wọ́n ń pè ní Lábẹ́-Ta ni ìjì ń kó ènìyàn lọ, àti pé ẹni tó bá mọ àwọn ènìyàn rẹ̀ dájú lè gbà wọ́n padà níbẹ̀. Ìwọ lo ka ìwé nínú àwọn ọdẹ mi. Mú ìwé yìí lọ. Má mú orúkọ wá bá mi o. Ènìyàn ni kí o mú wá."

Mo kí i, mo gbé ìwé náà sínú àpò ọdẹ mi, àyà mi sì ga sókè bí mo ti ń jáde. Fẹ̀hìntọlá ìyàwó mi dúró láàárín èrò lẹ́nu ọ̀nà ààfin, ó ń juwọ́ sí mi. Ó ní, "Bàbá Ọdẹ́wùmí, ẹ dúró díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ nípa orúkọ tí mo kà fún akọ̀wé." Gbogbo ìlú ni ó ń wò mí, wọ́n ń kí mi ní akọni. Mo dá a lóhùn pé, "Ṣé èmi ni n kò ní mọ ará ilé ara mi? Tí mo bá dé, a ó sọ ọ́." Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ní kí n gbà padà nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu mi jáde láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, ọ̀rọ̀ yẹn ni n bá gbà padà.

Ọjọ́ kejì ni mo wọ Igbó Ìpèjẹ́. Iwin kan ń gbé ibẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Àyà rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ wà, bí ó bá sì ń sọ̀rọ̀, àwọn ẹyẹ a kúrò lórí igi.

Ó ní, "Ta ni ìwọ?"

Mo ní, "Èmi ni Ọdẹ́rìnlọ ọmọ-ọmọ Ọdẹ́yalé, tí ẹfọ̀n ń rí tó ń yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ni Gbémidání."

A kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò mọ́. Mo yìnbọn fún un, ó ṣubú, mo fi ẹsẹ̀ dá a kọjá. N kò tíì rìn tó ogún ìṣísẹ̀ tí ó tún dúró níwájú mi. Ó ní, "Gbémidání lo pa. Èmi ni Fìrìgbọ̀n." Mo fi àdá bẹ́ ẹ, ó ṣubú. Ó tún yọ. "Fìrìgbọ̀n lo pa. Èmi ni Jàgùdù." Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pa iwin yìí. Ẹ̀tù tán nínú àgbá mi, apá mi kò gbé sókè mọ́, mo sì sá wọ inú ihò igi ìrókò kan. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sá. Láwuyì, ìwọ tí o ń sá fún ewúrẹ́ ìyá rẹ, má wò mí bẹ́ẹ̀.

Inú ihò yẹn ni mo wà tí Jàgùdù fi kọjá, tí mo sì rí àpá kan ní gìgísẹ̀ òsì rẹ̀. Mo rántí pé Gbémidání ní irú àpá yẹn, Fìrìgbọ̀n náà ní in, ibì kan náà ni ó sì wà. Mo rọra jáde, mo so okùn mọ́ gìgísẹ̀ náà, mo sì pe orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iwin náà dúró gbọn-in, kò lè gbé ẹsẹ̀. Ìgbà náà ni ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun lọ mu omi.

Nígbà tí mo tú u sílẹ̀, ó wò mí títí. Ó ní, "Ìwọ ọdẹ yìí, o ti mọ̀ pé orúkọ púpọ̀ lè jẹ́ ẹnìkan. Ìdajì nìyẹn."

Mo ní, "Ìdajì tó kù ńkọ́?"

Ó ní, "Kò sí lọ́dọ̀ mi. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ilé rẹ ló wà." Ó sì wọ inú igbó lọ. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, mo sì bú u bí mo ti ń lọ.

Láti ibẹ̀ mo dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Olóyèpọ̀. Ìlú tí ebi ń pa ni, síbẹ̀ wọ́n ń jó fún ọ̀pọ̀ oúnjẹ. Mo rí ọkùnrin kan tí ó ń se bàtà rẹ̀ nínú ìkòkò tí ó sì ń kọrin pé àká kún. Wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ ọba wọn, ó sì sọ fún mi pé òun ní ọ̀ọ́dúnrún àká àgbàdo, nítorí náà òun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbin nǹkan lọ́dún yẹn.

Mo ní, "Kábíyèsí, ta ló kà á?"

Ó ní, "Àwọn ìjòyè mi mẹ́fà ni. Àràárọ̀ ni wọ́n ń wá sọ fún mi. Kálukú ní àádọ́ta."

Mo jáde lọ wo àká wọ̀nyí. Àádọ́ta ni wọ́n, mo sì yí wọn ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ìjòyè kan ń kà wọ́n nítorí pé orí ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n wà. Èkejì ń kà wọ́n nítorí pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó kọ́ wọn. Àwọn mìíràn ń ṣọ́ wọn tàbí ń di àgbàdo sínú wọn. Èyí tí ó kẹ́yìn kò ní ìdí kankan ju pé ewúrẹ́ rẹ̀ máa ń sùn ní ìbòòji wọn. Mo gé màrìwò, mo so ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́ àká kọ̀ọ̀kan, mo ní èyí tí ó bá ti ní màrìwò lára, kí ẹnikẹ́ni má tún kà á. Mo sì yan àká kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àgbẹ̀ kan, àgbẹ̀ sábẹ́ ilé, ilé sábẹ́ ìjòyè kan ṣoṣo. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ọba gbọ́ iye tí ó jẹ́ òótọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó sunkún, lẹ́yìn náà ó rán gbogbo ọkùnrin ìlú lọ sóko kí òjò tó tán.

Wọ́n gbé mi sọ sókè ní Olóyèpọ̀. Wọ́n fẹ́ fi mí joyè, wọ́n fún mi ní ìyàwó méjì, mo kọ̀ wọ́n, nítorí pé mo mọ ohun tí Fẹ̀hìntọlá lè ṣe. Orí mi wú. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí nǹkan méjì, ohun tí mo kọ́kọ́ ń rò ni pé ọ̀kan ni, pé òmùgọ̀ kan ni ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Bí mo ṣe wà nìyẹn nígbà tí mo dé Lábẹ́-Ta.

Ìlú yìí kò ní ilé ju ọ̀kan lọ. Ilé gígùn kan ni, ògiri rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn, kò ní fèrèsé. Igi kan dúró níwájú rẹ̀ tí n kò rí òkè rẹ̀, obìnrin arúgbó kan sì jókòó sí ìdí igi náà pẹ̀lú ìwé ńlá lórí itan rẹ̀. Ihò ojú rẹ̀ pa dé pátápátá, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ọ̀kan wà ní ṣóńṣó ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Adìwémú ni orúkọ rẹ̀. Ó na ìka kan sí mi, ìka náà sì ṣẹ́jú.

Ó ní, "Ọdẹ, àwọn ènìyàn rẹ wà lẹ́yìn ògiri yìí. Mi ò mọ̀ wọ́n, ìjì ló ń kó wọn wá fún mi. Ìwọ lo máa sọ fún mi ẹni tí wọ́n jẹ́. Fi orúkọ àbísọ ẹnìkan lé ẹ̀ka igi yìí, orúkọ tí wọ́n fún un lọ́jọ́ ìkómọ. So gbogbo orúkọ rẹ̀ yòókù mọ́ ọn lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà sọ abẹ́ ta ló wà fún mi: ilé wo, àdúgbò wo, ìlú wo. Tó bá bọ́ sí i, ilẹ̀kùn á ṣí nínú ògiri, ẹni náà á jáde. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀ka kò ní ilẹ̀kùn."

Mo jókòó, mo tẹ́ ìwé Bánkọ́lé sílẹ̀. Iṣẹ́ náà kò rọrùn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Akọ̀wé kan wà nínú ìwé tí ó jẹ́ alágbẹ̀dẹ, Opéléńgẹ́ mẹ́ta wà láti ilé mẹ́ta, ìyá kan sì wà tí wọ́n fi orúkọ ọmọ rẹ̀ àgbà pè nílé kan tí wọ́n fi ti àbíkẹ́yìn rẹ̀ pè nílé kejì. Mo ń ronú, mo ń fi igi kékeré fa ìlà sórí ilẹ̀, mo sì ń so wọ́n pọ̀ ní méjì méjì àti ní mẹ́ta mẹ́ta. Bí mo bá ti fi orúkọ kan kọ́ igi, ògiri a ya, ará Òkè-Ìdẹ̀ra kan a sì jáde, a máa pa ojú pọ̀ nítorí oòrùn.

Nígbà tí a dé orí àwọn obìnrin tí ilé méjì kà, Adìwémú bi mí léèrè.

"Obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ, abẹ́ ta ni kí n fi í sí?"

"Ilé ọkọ rẹ̀."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, kí iṣẹ́ lè yá."

"Ṣé kò sí èyí tó padà sílé bàbá ẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá, ẹ fi gbogbo wọn sílé ọkọ." Ní ọjọ́ kẹfà, ènìyàn mẹ́tàdínláàádọ́rin ti jókòó lẹ́yìn mi, wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí a máa lọ sílé.

Ó ku orúkọ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ láti ilé tèmi. Àwẹ̀ró wà níbẹ̀, orúkọ àbísọ rẹ̀ sì ni Ọdẹ́bùnmi. Ìbàdí-àrán wà níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé òun ni Fẹ̀hìntọlá ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí pé ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ. Ẹ̀kẹta ni Eyínfúnjowó. Èyí ni n kò gbọ́ rí. Ọdẹ ni mí, ẹ̀yin ènìyàn mi, inú igbó ni mo ń gbé. Ohun tí àwọn obìnrin ilé mi ń pe ara wọn nínú ilé ìdáná, n kò dúró gbọ́ ọ rí.

Mo rò ó. Mo ní ta ni eyín rẹ̀ funfun nílé wa tó bẹ́ẹ̀? Àwẹ̀ró ni, bí ó bá rẹ́rìn-ín, ìwọ náà á rẹ́rìn-ín. Mo rántí iwin tí ó ní orúkọ mẹ́ta. Mo rántí àká tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀mẹfà. Mo ní, "Ẹnìkan náà ni. Ẹ so ó mọ́ Ọdẹ́bùnmi."

Adìwémú gbé ìka mẹ́ta lé orúkọ náà. "Ṣé o gbọ́ ọ rí tí ìyàwó rẹ pè é bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò gbọ́ ọ."

"Padà lọ bi í. Ìwé mi ò ní sá lọ. O lè máa kó àwọn tó ti jáde yìí lọ, kí o padà wá parí orúkọ kan tó kù."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo rò nígbà náà. Mo rò pé n ó dúró níwájú Ọlọ́kè, níwájú gbogbo àwọn tí ó kí mi ní akọni, n ó sì sọ pé mo mọ ará ilé gbogbo ènìyàn àfi ti ara mi. Mo rò pé n ó lọ bi ìyàwó mi ní ọ̀rọ̀ tí mo kọ̀ láti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìtìjú ni. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Mo ti wá ìdí mìíràn tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọdún méjìdínlógún, n kò rí i.

Mo ní, "Ẹnìkan ni wọ́n, ó dá mi lójú."

Ó ní, "Tẹ ọwọ́ rẹ sí i."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ògiri ya, Àwẹ̀ró jáde, ó sì dì mọ́ mi lọ́rùn. Ògiri padà. Bí ó ti ń padà, mo gbọ́ tí ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo béèrè pé ta nìyẹn. Adìwémú ní, "Ẹni tí kò ní orúkọ ni." Mo rò pé àjèjì kan láti ìlú mìíràn ni ó ń sọ, mo gbé àpò mi kọ́, mo sì síwájú àwọn ènìyàn mi lọ.

Ẹni méjìdínláàádọ́rin ni mo kó wọ Òkè-Ìdẹ̀ra. Kí n má purọ́, inú mi dùn ní ọjọ́ náà ju ọjọ́ ìgbéyàwó mi lọ. Àwọn ìyá ń ké, àwọn ọkùnrin ń yìnbọn sókè, Ọlọ́kè fúnra rẹ̀ jáde wá sí ẹnu odi. Fẹ̀hìntọlá kò wò mí. Ó ń wo ẹ̀yìn mi, ó ń wo ojú gbogbo ẹni tí ń kọjá títí ọ̀nà fi ṣófo.

Ó ní, "Bàbá Ọdẹ́wùmí, Eyínfúnjowó dà?"

Mo nawọ́ sí Àwẹ̀ró. "Òun nìyẹn."

"Ìbàdí-àrán ni mò ń pe Àwẹ̀ró. Ìyá ni Eyínfúnjowó."

"Ìyá wo? Ìyá wà lóko."

"Ìyá ti oko dé láàárọ̀ ọjọ́ ìjì. Wọ́n gbé ẹ̀gúsí lọ sọ́jà. Wọ́n ní ẹ ò ní pẹ́ dé láti inú igbó, àwọn fẹ́ ra epo tí àwọn máa fi se ọbẹ̀ dè yín. Ojú mi báyìí ni ìjì ṣe gbé wọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín lẹ́nu ọ̀nà ààfin nìyẹn."

Mo ní, "Ìyá kò ní eyín kankan lẹ́nu."

Fẹ̀hìntọlá jókòó sílẹ̀ nínú eruku. Ó ní, "Àwọn ìyàwó tó wà nílé yìí kí wọ́n tó bí yín ló sọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dé, ìyálé mi ní orúkọ tí a ń pè wọ́n nìyẹn, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Ìyá ní kí n má rẹ́rìn-ín, pé láyé ìgbà ti àwọn, tí àwọn bá rẹ́rìn-ín lọ́jà, àwọn ọkùnrin á gbàgbé ohun tí wọ́n wá rà."

N kò wọlé. N kò dúró jẹun ní ààfin. Mo yí padà lójú ọ̀nà kan náà, mo sì sáré bí ẹsẹ̀ mi ti lè sáré nígbà náà. Iwin inú Igbó Ìpèjẹ́ rí mi, ó yà fún mi.

Mo wólẹ̀ níwájú Adìwémú. Mo ní, "Ìyá, mo ṣì í. Eyínfúnjowó kì í ṣe Àwẹ̀ró. Ẹ bá mi tú u."

Ó ṣí ìwé náà, ó fi ìka wá a. "Eyínfúnjowó ń bẹ níbí. Lẹ́yìn Ọdẹ́bùnmi ló wà, Ọdẹ́bùnmi sì ti lọ sílé. Ìwọ lo tẹ ọwọ́ sí i."

"Ẹ pe Ìyá Ọdẹ́rìnlọ."

"Ìwọ ni mo rí nínú orúkọ yẹn. Kò sí òun níbẹ̀."

"Dálémọṣú ni, ilé bàbá rẹ̀ ló wà, ilé Ọdẹ́yalé."

"O ní kí n fi gbogbo wọn sílé ọkọ." Kò bínú bí ó ti ń sọ ọ́. Ó fi ìka kan pa mí lórí, mo sì mọ̀ pé àánú mi ń ṣe é. "Ọdẹ, mo lè ṣí ẹ̀ka tuntun fún un lábẹ́ ilé bàbá rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo nílò. Kí ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ?"

Mo fi ìka ka gbogbo orúkọ tí mo mọ̀ nílé wa.

Obìnrin tí ó fún mi ní ọmú gbígbẹ, tí ó gbé mi pọ̀n lọ sóko, tí ó ta aṣọ òfì rẹ̀ kí n lè dé ìwé kẹrin, n kò mọ orúkọ rẹ̀. N kò béèrè rí. Mo ní kí Adìwémú jẹ́ kí n kàn pè é fúnra mi, ó sì gbà. Mo lọ fi ẹnu mọ́ ògiri, mo sì pè, "Ìyá."

Àìmọye obìnrin ni ó dá mi lóhùn lẹ́yìn ògiri náà. "Ọmọ mi," ni gbogbo wọn wí. Mo tẹ́tí títí, mo ń wá ohùn rẹ̀ láàárín wọn, n kò lè yà á sọ́tọ̀.

Adìwémú sọ fún mi pé ẹni tí ó wà níbẹ̀ kì í kú, kì í sì í darúgbó ju bí ó ti dé lọ. Ó ń dúró ni. Ohun tí ó jẹ́ kí n tún máa jẹun nìyẹn. Mo padà sílé, mo bi Àwẹ̀ró, Ìyá ni òun náà ń pè é. Mo lọ sílé ọkọ rẹ̀ àtijọ́, wọ́n ní Ìyàwó ni àwọn ń pè é títí ó fi lọ. Bàbá mi ìbá mọ̀ ọ́n, ó ti kú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ tán, bàbá arúgbó kan tí ó kù ní ìlú wa sì fún mi ní orúkọ mẹ́ta lọ́jọ́ mẹ́ta. Mo gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí Lábẹ́-Ta nínú ọkàn mi, mo sì rántí ọwọ́ tí mo tẹ̀, n kò lè gbé ẹsẹ̀ kúrò lẹ́nu odi ìlú wa. Mo ti tẹ ọwọ́ sí ohun tí kò dá mi lójú lẹ́ẹ̀kan. Kò ní ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Láwuyì, má sunkún. Gbọ́ ohun tí mo wá ṣe.

Wọ́n sọ fún mi pé àwọn ọmọbìnrin Òkè-Ìdẹ̀ra kan lọ́kọ sí Ìdí-Ọ̀dán yìí láyé ìgbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá àgbà nílé, tí ó lè rántí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ jókòó tì í lónìí. Ẹ má sọ fún un pé ọdẹ ni ó ń béèrè, kí ó má baà wá orúkọ kan ṣá fún mi kí inú mi lè dùn. Ẹ bi í pé ọmọbìnrin kan wà nílé Ọdẹ́yalé tí eyín rẹ̀ funfun gan-an, kí ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ? N ó dúró níbí lábẹ́ igi yìí títí ẹ ó fi dé.